Orí Karùn-ún: Èyí Tí A Ó Fà Tu Àti Èyí Tí A Ó Dá Sí

Tí àkọ́rọ̀ òjò bá ti rọ̀ bí ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé tó ti gbẹ láti ìgbà ọyẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í hu nǹkan. Ọ̀pọ̀ onílé á gbé ọkọ́ lọ́sẹ̀ náà, wọ́n á ro gbogbo ilẹ̀ títí á fi mọ́ kedere, wọ́n á sì mú owó lọ sọ́jà lọ ra ẹ̀fọ́. Tẹ̀tẹ̀ wà nínú ohun tí wọ́n ro dànù yẹn. Gbúre wà níbẹ̀. Ìbẹ́pẹ tí ì bá so lọ́dún tó ń bọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, kò tíì ju ìka ọwọ́ lọ. Ohun tó sì yẹ kí wọ́n pa gan-an, ìṣù dáńdá tó wà lábẹ́ ilẹ̀, ọkọ́ ti gé e sí wẹ́wẹ́, ó ti sọ ọ̀kan di mẹ́fà.

Pé ẹnikẹ́ni kò gbin nǹkan kò sọ ọ́ di èpò, bẹ́ẹ̀ ni pé a fowó ra nǹkan, tí a sì fọwọ́ ara wa gbìn ín, kò ní kó má di èpò. Ohun tó ń sọ ewéko di èpò ni ibi tó dúró sí, àsìkò tó dé, àti bó ṣe ń bí sí i. Orí yìí wà fún ẹni tó ní ilẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ilé, tó fẹ́ mọ ohun tó yẹ kó ṣe sí èyí tó lalẹ̀ hù fúnra rẹ̀, kó tó di pé ọkọ́ dé ibẹ̀.

Ìbéèrè mẹ́rin

Kí ẹ tó na ọwọ́ sí ewéko kan, ẹ bi ara yín: Kí lorúkọ rẹ̀? Ta ló ń dí lọ́wọ́ níbi tó wà yìí? Báwo ló ṣe ń bí sí i? Ṣé ilé wa ń lò ó lóòótọ́?

Ìbéèrè kẹta ló wúwo jù, òun sì ni àwọn èèyàn kì í sábà béèrè. Ewéko tó jẹ́ pé èso nìkan ló fi ń bí kò le láti ṣàkóso. Ẹ jẹ́ kó dàgbà, ẹ lò ó, kẹ́ ẹ sì fà á tu kó tó tanná gbó. Àmọ́ bí ẹ bá jẹ́ kó gbó, ẹ ti fọwọ́ ara yín gbìn ín fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí èso tó bá wọlẹ̀ kì í hù lẹ́ẹ̀kan náà. Imí eṣú tó ń tan òdòdó funfun tàbí àlùkò kéékèèké yẹn, tí òórùn rẹ̀ máa ń bá èèyàn lọ́wọ́ títí di alẹ́, ẹyọ kan ṣoṣo rẹ̀ lè so tó 40,000 èso wẹ́wẹ́. Èyí tó ń fi gbòǹgbò tàbí ìṣù rìn lábẹ́ ilẹ̀ ní tirẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá, mo sì yà á sọ́tọ̀ nísàlẹ̀.

Ìbéèrè kejì, ọ̀rọ̀ àsìkò ni. Gbúre tó wà létí ògiri, oúnjẹ ni. Gbúre kan náà, bó bá yí àgbàdo tí kò tíì dé orúnkún ká, èpò ni, ẹ fà á láìṣojúsàájú. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí àgbàdo bá hù ni èpò máa ń pa á lára jù. Ti ẹ̀gẹ́ gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó tó oṣù mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, nígbà tí ewé wọn bá ti bo ilẹ̀, ohun tó bá hù sábẹ́ wọn kò ní agbára púpọ̀ mọ́, ẹ lè dá ẹ̀fọ́ tó bá wà níbẹ̀ sí.

Ọgbọ́n kan wà tó ń dín iṣẹ́ kù gidigidi. Tí òjò àkọ́kọ́ bá rọ̀, ẹ má tíì gbin nǹkan kan. Ẹ tọ́jú ilẹ̀, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, kí gbogbo èso tó wà lókè ilẹ̀ hù tán. Ẹ wá wo ohun tó hù, ẹ lọ́ èyí tí ẹ bá fẹ́ lọ síbòmíràn, kẹ́ ẹ sì fẹ́ ojú ilẹ̀ tó kù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ láìkọ ọ́ jìn. Ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ gbin ohun ọ̀gbìn yín. Bí ẹ bá kọ ilẹ̀ jìn lẹ́ẹ̀kejì, èso mìíràn tó ti sùn nísàlẹ̀ ni ẹ ń gbé sókè wá rí oòrùn.

Ẹ̀fọ́ tó ń hù fúnra rẹ̀

Ibí ni ọrọ̀ ẹ̀yìnkùlé wà jù, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ níbẹ̀. Ìwé ńlá tí I. Okezie Akobundu àti C. W. Agyakwa kọ lórí èpò ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, tí àjọ IITA ní Ìbàdàn tẹ̀ jáde ní 1987, ka gbúre mọ́ èpò. Ẹ lọ sí ọjà Bódìjà, ẹ ó bá gbúre náà lórí àtẹ. Kò sí irọ́ nínú méjèèjì. Olóko tó ń ro éékà mẹ́wàá rí i gẹ́gẹ́ bí ọ̀tá, obìnrin tó ń wá ohun tí yóò fi se ọbẹ̀ ẹ̀gúsí rí i gẹ́gẹ́ bí oore.

Gbúre kò ṣòro mọ̀. Ewé rẹ̀ nípọn díẹ̀, ó ń dán, kò nírun. Igi rẹ̀ kún fún omi, ẹ ṣẹ́ ẹ, á dá péú. Òdòdó rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ pupa tó ṣì, ó dúró lórí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan, bí ẹ bá sì fi ìka yí ọ̀pá náà, ẹ ó mọ̀ ọ́n pé ó ní igun mẹ́ta. Ẹ máa ká a láti orí, ẹ má fà á tu, á máa yọ ẹ̀ka tuntun. Bí ẹ bá fẹ́ kó kúrò níbì kan, ẹ fà á tigbòǹgbò tigbòǹgbò, ẹ má sì jù ú sórí ilẹ̀ tútù, torí gígé rẹ̀ á tún ta gbòǹgbò. Orí páànù tàbí símẹ́ńtì tí oòrùn ń pa ni kí ẹ sá a sí. Ohun kan tó yẹ kí ẹni tó ní òkúta nínú kíndìnrín mọ̀ ni pé gbúre ní èròjà oxalate púpọ̀. Kó jẹ ẹ́ níwọ̀n, kó sì bọ̀ ọ́ kó da omi rẹ̀ nù.

Tẹ̀tẹ̀ ní ìran púpọ̀. Èyí tó sábà ń hù fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ilé ní ewé kékeré tí orí rẹ̀ gé wọlé díẹ̀, ó dùn, kódà ó dùn ju tẹ̀tẹ̀ ewé gbàgẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ń bomi rin sétí odò lọ. Ẹ dá a sí. Tẹ̀tẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún. Ẹ̀gún méjì méjì ló máa ń yọ ní ibi tí ewé ti pàdé igi. Bó bá ṣì kéré, ẹ̀gún náà kò tíì hàn sójú, ṣùgbọ́n ẹ rọra fi ìka tẹ oríkèé rẹ̀, ẹ ó mọ̀ ọ́n. Òótọ́ ni pé wọ́n ń jẹ ọ̀mùnú rẹ̀, àmọ́ nínú ilé tí ọmọdé ti ń sáré láìwọ bàtà, èmi kì í dá a sí. Ọjọ́ tó bá ti tó ìwọ̀n ìbú ọwọ́ ni kí ẹ yọ ọ́, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í so.

Ẹ̀bòlò fẹ́ràn ibi tí a ti sun pàǹtí àti ilẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣán. Ewé rẹ̀ rọ̀, etí ewé náà rí ṣákaṣàka, òórùn tirẹ̀ kò sì jọ ti ẹlòmíràn. Òdòdó rẹ̀ dorí kodò, ó pupa bí ilẹ̀ amọ̀, nígbà tó bá gbó ó di òwú funfun tí afẹ́fẹ́ ń gbé lọ sí ọgbà aládùúgbò. Mo fẹ́ràn ẹ̀bòlò gan-an, pàápàá pẹ̀lú irú àti epo pupa, àmọ́ àwọn onímọ̀ ti rí èròjà kan nínú rẹ̀ tó lè pa ẹ̀dọ̀ lára bí a bá ń jẹ ẹ́ ṣáá. Ẹ jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan nígbà tí àsìkò rẹ̀ bá dé, bí àwọn àgbà ṣe ń ṣe, kí ẹ sì fún aláboyún àti ọmọdé ní ẹ̀fọ́ mìíràn.

Ọ̀dú kì í ṣe àìmọ̀ olóko, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wa kì í ṣe olóko mọ́, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Òdòdó rẹ̀ funfun, ó kéré, àárín rẹ̀ pọ́n bí ẹyin. Èso rẹ̀ so pọ̀ ní ṣìrì, ó tutù ní àkọ́kọ́, ó sì dúdú nígbà tó bá pọ́n. Ewé nìkan ni kẹ́ ẹ mú, kẹ́ ẹ sì sè é jinná. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi èso rẹ̀ tútù sẹ́nu, ẹ kọ́ ọmọdé. Ẹlòmíràn wà tí ewé rẹ̀ lè tan ẹni tí kò mọ ẹ̀fọ́ jẹ nígbà tó ṣì kéré, ìyẹn apikán. Òórùn rẹ̀ ń yọni lẹ́nu, òdòdó rẹ̀ gùn bí fèrè, èso rẹ̀ sì jẹ́ ìṣù ẹlẹ́gùn-ún róbótó. Ó ń ya èèyàn ní wèrè, ó ń pani pẹ̀lú. Ibikíbi tí ẹ bá ti rí i nítòsí ilé, ẹ yọ ọ́, ẹ má dá a sí nítorí pé òdòdó rẹ̀ lẹ́wà, kẹ́ ẹ sì fọ ọwọ́ yín lẹ́yìn rẹ̀.

Pápásan náà máa ń ṣi èèyàn lọ́nà. Ó ń ràn mọ́lẹ̀, igi rẹ̀ pupa, ó sanra, ewé rẹ̀ nípọn. Ewéko kan wà tó máa ń ràn mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an, tí igi tirẹ̀ náà pupa, àmọ́ tó tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ ṣẹ́ méjèèjì. Omi lásán ló ń jáde lára pápásan. Bí ohun funfun bíi wàrà bá ṣẹ̀ jáde, kì í ṣe pápásan, ẹ má sè é, ẹ má sì jẹ́ kí omi náà ta sójú. Kí ẹ má wá sọ ọ̀rọ̀ wàrà yìí di òfin fún gbogbo ẹ̀fọ́ o, nítorí yánrin, tó jẹ́ ẹ̀fọ́ gidi, tí ewé rẹ̀ ń tẹ́ sílẹ̀ yí ìdí rẹ̀ ká, tó sì ń tan òdòdó tó pọ́n bí ẹyin, ń ṣe omi funfun bẹ́ẹ̀.

Fún èyí tí kò bá dá yín lójú, ohun tí mo máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí ni pé kó fi ẹyọ kan sílẹ̀ ní kọ̀rọ̀ títí á fi tanná, kó wá ṣẹ́ ẹ̀ka rẹ̀ dání lọ bá ẹlẹ́wẹ́ ọmọ lọ́jà tàbí ìyá àgbà kan ládùúgbò. Ewé gan-an ni kẹ́ ẹ mú lọ, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé orúkọ nìkan, nítorí ohun tí ará Ìjẹ̀bú ń pe ewé kan lè yàtọ̀ sí ohun tí ará Èkìtì ń pè é. Bí ẹni méjì tí kò sí níbì kan náà, tí àwọn fúnra wọn ń jẹ ẹ́, bá pè é ní ohun kan náà, ẹ lè gbé e ka iná.

Àwọn tó ń rìn lábẹ́ ilẹ̀

Dáńdá ni kí a fi bẹ̀rẹ̀. Lójú, koríko lásán ni: ewé tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń dán, tó sì ga tó ìbú ọwọ́ kan sí méjì. Ẹ mú ọ̀pá tí òdòdó rẹ̀ jókòó lé, ẹ yí i láàárín ìka méjì. Ti koríko yóò yí gbirigbiri, ti dáńdá á kọ́ yín lọ́wọ́ nítorí igun mẹ́ta ló ní.

Ẹ má fà á. Bí ẹ bá fà á, ewé á já, ìdí á kù. Ẹ mú ọ̀bẹ ògbólógbòó kan, kẹ́ ẹ gbẹ́ ilẹ̀ ìdí rẹ̀ lọ́jọ́ tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, nígbà tí ilẹ̀ rọ̀. Ẹ ó bá ìdí kan tó wú, lábẹ́ rẹ̀ ẹ ó rí okùn funfun tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ tẹ̀ lé e pẹ̀lú ìka, ẹ má já a. Yóò gbé yín dé ìṣù kékeré kan tí kò tó orí àtàǹpàkò, tó dúdú, tó nírun. Okùn mìíràn ti ara rẹ̀ jáde lọ sí ìṣù kejì, ó tún lọ sí ìkẹta, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n so kọ́ra lọ. Ẹ la ọ̀kan: inú rẹ̀ funfun, ó sì ń ta sánsán. Èyí tó hù sókè ló ń dá àwọn tó kù dúró kí wọ́n má hù. Ọjọ́ tí ọkọ́ bá já okùn náà, olúkúlùkù wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í hù fúnra rẹ̀. Ìdí nìyí tí ibi tí a fi ọkọ́ ro dáńdá lónìí ṣe máa ń kún fún un ju ti àtẹ̀yìnwá lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọ̀rá dúdú tí wọ́n ń tẹ́ sí ebè kò ràn án, ó máa ń fi orí rẹ̀ gún un yọ.

Ohun tó ń ṣẹ́gun rẹ̀ ni òjìji àti sùúrù. Ẹ máa wú u ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì, kí ewé rẹ̀ má ráyè fi oúnjẹ ránṣẹ́ sí ìṣù. Èyí tí ẹ bá wú, ẹ sá a lórí símẹ́ńtì títí á fi gbẹ gbẹrẹfu, ẹ má dà á sí ààtàn. Lẹ́yìn náà ẹ gbin ohun tó ń bo ilẹ̀ sójú ibẹ̀: ọ̀dùnkún, ẹ̀gúsí, tàbí gbọ̀rọ̀. Dáńdá kò fẹ́ òjìji rárá. Ó lè gbà yín ní òjò méjì kó tó tán, mi ò ní tàn yín jẹ. Ọ̀fíò jọ ọ́ púpọ̀, àmọ́ òdòdó ọ̀fíò pọ́n bí iyanrìn, ti dáńdá pupa rúsúrúsú. Ìṣù ọ̀fíò sì máa ń dá wà ní ìparí okùn tirẹ̀ ni, kì í so kọ́ra. Dáńdá yìí náà ní ìwúlò nídìí ètùtù, àwọn ará Bahia ní Brazil ṣì ń pè é ní dandá títí dòní, wọ́n sì ń tà á lọ́jà fún àwọn onísìn Òrìṣà. Bí ẹ bá ń lò ó, ẹ gbìn ín sínú ike tàbí ìkòkò. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ kò yẹ ẹ́.

Ẹ̀kan ni ìkejì. Bí ó bá pọ̀ lórí ilẹ̀ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, ẹ mọ̀ pé wọ́n ti sun ilẹ̀ náà léraléra. Iná kò pa á. Gbòǹgbò rẹ̀ wà nísàlẹ̀ tí iná kò dé, ẹnu rẹ̀ sì mú tó bẹ́ẹ̀ tó fi máa ń gún iṣu lágùn-únyọ nínú ebè. Nínú ẹ̀yìnkùlé kékeré, wíwú rẹ̀ tigbòǹgbò tigbòǹgbò nígbà ẹ̀rùn ló dára jù, kí oòrùn lè gbẹ ẹ́. Bí ilẹ̀ bá fẹ̀, ẹ wo ohun tí àwọn àgbẹ̀ gúúsù Bẹ̀nẹ̀ ṣe. Láti nǹkan bí 1987 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀wà kan tí wọ́n ń pè ní mucuna. Nítorí kó lè dá ọ̀rá ilẹ̀ padà ni wọ́n ṣe fún wọn. Ohun tó mú kí àwọn àgbẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ ni pé ó bo ẹ̀kan mọ́lẹ̀ pa. Ìbátan wèrèpè gan-an ni ẹ̀wà náà, àmọ́ èèpo tirẹ̀ kì í yúnni. Wèrèpè fúnra rẹ̀, ẹ yọ ọ́ kí èèpo rẹ̀ tó gbẹ, ẹ má dúró dìgbà tí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ bá gbé irun rẹ̀ dé orí okùn aṣọ.

Àwọn tí a kò lè dá lẹ́jọ́ lẹ́ẹ̀kan náà

Ewé Akíntọ́lá kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí. Ní nǹkan bí 1937 ló bá èso igi gmelina tí wọ́n kó láti Ceylon, tí à ń pè ní Sri Lanka báyìí, wọ Nàìjíríà, kó tó wá gba gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. Gbogbo ẹni tó bá dàgbà lábúlé ló mọ̀ pé a máa ń fún un sójú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá. Ewé rẹ̀ tó bá já sílẹ̀ ń fún ilẹ̀ lọ́ràá, òun náà sì máa ń bo ẹ̀kan mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n tata fẹ́ràn rẹ̀, ibi tó bá ti ṣù ni wọ́n ti ń pàdé kí wọ́n tó kọjá sórí ewé ẹ̀gẹ́. Lórí ilẹ̀ tí kò ju plọ́ọ̀tì kan lọ, mo ní kí ẹ yọ ọ́. Bí ilẹ̀ yín bá fẹ̀, ẹ fi sí ìpẹ̀kun, kí ẹ sì gé e mọ́lẹ̀ ṣáájú oṣù Kejìlá tó máa ń tanná.

Jọ́gbọ̀ olódòdó ńlá tó ń pọ́n yòò létí títì, tí àwọn mìíràn ń pè ní agbálẹ̀, ẹwà ni wọ́n tìtorí rẹ̀ mú un wá láti ilẹ̀ Mẹ́síkò. Ó ti di igbó. Ẹ má gbìn ín sínú ọgbà, ṣùgbọ́n ẹ máa gé ewé rẹ̀ tútù láti ìta wá, kó tó so, kẹ́ ẹ kó o sídìí ẹ̀fọ́ tàbí àgbàdo. Kì í pẹ́ jẹrà, ó sì kún fún oúnjẹ ilẹ̀. Èmi kò mọ ajílẹ̀ ọ̀fẹ́ tó dára jù ú lọ.

Igbálóde tó ń rá mọ́ ojú ọ̀nà, ẹni tó ń sin ehoro kò gbọdọ̀ dá a nù, àwọn oyin àti labalábá náà ń jẹ lára rẹ̀. Rinrin tó ń hù sẹ́gbẹ̀ẹ́ balùwẹ̀ kò ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan lọ́rùn. Gbòǹgbò rẹ̀ kò jìn, kò bá nǹkan kan jà, ẹ jẹ́ kó wà. Efinrin tó bá hù, ẹ lọ́ ọ sí ẹ̀bá fèrèsé. Ejìnrìn, ẹ gbé e lé ọgbà, kó má gun ata. Abẹ́rẹ́ olóko àti eèmọ́, ẹ yọ wọ́n kí èso wọn tó gbẹ mọ́ aṣọ yín lára.

Ní ti ewé oògùn, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ síta. Kò sí ewé kan tí ẹnìkan kò ní sọ fún yín pé ó ń wo nǹkan sàn. Bí ẹ bá fi ti ìyẹn ṣe, ẹ kò ní fa ohunkóhun tu. Ìbéèrè kẹrin ló ń yanjú rẹ̀: ṣé ẹ lò ó lọ́dún tó kọjá? Bí ẹ bá lò ó, ẹyọ kan tàbí méjì ẹ̀yìn olobe tó, ìdí kan ètìpọ́nlá tó. Ẹ fún wọn ní igun kan. Èyí tó bá kọjá ibẹ̀, ẹ fà á.

Igi tí ẹyẹ àti omi ìdọ̀tí gbìn

Ibi tí a ń da omi tí a fi fọ ata àti tòmátì sí kì í ṣàìhu nǹkan. Tòmátì tó bá hù níbẹ̀, ẹ dá èyí tó bá lókun sí, kẹ́ ẹ sì tètè yọ èyí tí ewé rẹ̀ bá ń ká kò tó sì ń pọ́n, torí àrùn ni, eṣinṣin funfun á gbé e dé ara àwọn tó kù. Ata wẹẹrẹ tí ẹyẹ bá yà sábẹ́ igi, mo máa ń dá a sí nígbà gbogbo.

Ìbẹ́pẹ ń fẹ́ àlàyé. Nígbà tó bá hù, a kò lè mọ akọ yàtọ̀ sí abo, àyàfi tó bá tanná, èyí sì lè gbà á ní oṣù márùn-ún sí mẹ́jọ. Nítorí náà, ẹ má fi ẹyọ kan sílẹ̀ kẹ́ ẹ wá máa retí èso. Ẹ fi mẹ́ta tàbí mẹ́rin sílẹ̀ níbi tó wà pa pọ̀. Èyí tí òdòdó rẹ̀ bá so rọ̀ lórí okùn gígùn tó pín sí ẹ̀ka, akọ ni. Èyí tí òdòdó ńlá rẹ̀ bá jókòó ti igi, tí ìpìlẹ̀ òdòdó náà sì wú, òun ló máa so. Ìgbà yẹn ni kí ẹ gé akọ, bí akọ mìíràn bá wà ládùúgbò. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n sún mọ́ ògiri ju ìwọ̀n mítà méjì lọ.

Máńgòrò tó bá hù lẹ́bàá ilé, ẹ lọ́ ọ tàbí kẹ́ ẹ yọ ọ́. Ti odán kò ní àròyé. Ẹyẹ ló ń su èso rẹ̀ sójú ògiri tó sán, sí etí gọ́tà, àti sórí ṣọ́kàwéè. Bó bá ṣì gùn tó ìka ọwọ́, ọwọ́ kan ló gbà. Lọ́dún mẹ́ta, bíríkìlà ni ẹ máa pè. Bí àfòmọ́ bá wà lórí ọsàn tàbí igi mìíràn, kò tó kí ẹ ká ewé rẹ̀ kúrò. Ẹ gé ẹ̀ka tó jókòó lé nísàlẹ̀ ibi tó ti wọnú igi, kó tó so, nítorí ẹyẹ ló ń gbé èso rẹ̀ tó ń lẹ̀ kiri láti igi dé igi.

Alágbàro àti oògùn apakoríko

Gbogbo ohun tí mo kọ sókè yìí lè bàjẹ́ lówùúrọ̀ ọjọ́ kan bí ẹ bá pe alágbàro wá, tí ẹ sì fi í sílẹ̀ lọ síbi iṣẹ́. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ níbẹ̀, ilẹ̀ mímọ́ ni ẹ ní kó ṣe. Kó tó dé, ẹ gún igi pẹlẹbẹ tí ẹ so aṣọ pupa mọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí ẹ fẹ́ dá sí, ẹ mú un rìn yí ọgbà ká, kí ẹ fi ọwọ́ kan ìkọ̀ọ̀kan. Ẹ sọ fún un pé kó má fọwọ́ kan ibi tí dáńdá wà, ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ wú ibẹ̀. Ẹ dúró tì í títí á fi ro igun àkọ́kọ́ tán.

Oògùn apakoríko kò mọ ẹ̀fọ́ yàtọ̀ sí èpò. Paraquat, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti lò láìmọ bó ti burú tó, NAFDAC ti fòfin dè é láti oṣù Kìíní 2024. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé e wá fún yín, ẹ má gbà á. Bí ẹ bá sì fẹ́ ká gbúre, tẹ̀tẹ̀ tàbí ẹ̀bòlò níbi tí kì í ṣe tiyín, ẹ kọ́kọ́ bi onílẹ̀ bóyá ó ti fín nǹkan síbẹ̀ lọ́dún náà. Èyí tó hù létí títì, lẹ́bàá ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì, lẹ́nu gọ́tà tàbí lórí ṣọ́kàwéè, bó ti wù kó tutù yọ̀yọ̀ tó, ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀.